Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Kó Sinmi

Ẹni tó bá gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú, ó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ ibùsùn pẹ̀lú. Àmọ́ ayé kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé ohun tí wọ́n fẹ́ gé, tí wọ́n fa oògùn tí wọ́n fẹ́ fà sára aláìsàn tán, tí dókítà sì ní jẹjẹrẹ ti lọ, gbogbo ènìyàn á pa ẹnu pọ̀, wọ́n á ní kó lọ dùbúlẹ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ á ní kó lọ dùbúlẹ̀. Ará ilé á ní kó lọ dùbúlẹ̀. Aládùúgbò tí kò bá a ra hóró oògùn kan rí, òun náà á yọrí lójú fèrèsé, á ní kó lọ dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ara tí a bá tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, bí ẹní náà ni yóò ṣe gbó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé aránbàtà lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan nìyí.

Ìyàwó aránbàtà jí láàárọ̀, ó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún òun ti wú. Ìyá Búrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ó ti lo ọdún mọ́kànlélógún nílé búrẹ́dì tó wà níkòríta, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Ó mọ̀ nípa wíwú díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú ọ̀tún rẹ̀ ni ọwọ́ náà ti máa ń wú kó sì tún lọ. Eléyìí kì í ṣe díẹ̀. Láti òkè ìgbọ̀nwọ́ dé ọmọ ìka ló ti le, awọ rẹ̀ ń dán bí ara bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí. Ó gbìyànjú láti di ẹ̀ṣẹ́, ìka rẹ̀ ò pàdé àtẹ́lẹwọ́. Ó bá jókòó sétí ibùsùn, ó gbé ọwọ́ náà lé itan, ó ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí kò ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn ì bá fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀sẹ̀ kejìlá pé tó ti ń lọ síbi eré ìdárayá tí ilé ìwòsàn ń ṣe fún àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Ọjọ́ yẹn ni wọn yóò wọn agbára ara rẹ̀, tí wọn yóò sì kọ ìwé tí yóò mú lọ fún ọ̀gá ilé búrẹ́dì. Ọ̀gá ti là á mọ́lẹ̀ fún un: bí Ọjọ́rú bá fi lè kọjá tí ìwé kò dé, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀.

Àǹtí ló kọ́kọ́ rí ọwọ́ náà. Àǹtí yìí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, opó tó sanra dáadáa, tó sì láàánú débi pé àánú rẹ̀ a máa ni ènìyàn lára. Oṣù méje sẹ́yìn ló ti kó àpò rẹ̀ wá, ó ní òun wá tọ́jú ìyàwó àwọn. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń pọnmi, òun ló ń dáná, òun ló ń gé ẹran inú ọbẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú àwo ìyàwó bí ẹni ń bọ́ ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Aránbàtà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun tó kù ni kí ẹ̀gbọ́n òun máa bá a jẹ ẹ́ kó tó gbé e mì.

"Ìyàwó, gbé ọwọ́ yẹn wá kí n wò ó," ni Àǹtí wí.

"Ó kàn wú díẹ̀ ni, Àǹtí."

"Bí èyí bá jẹ́ díẹ̀, kí ni púpọ̀ yóò wá jẹ́?" Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka náà wọlé, kò tètè jáde. "Pẹ̀lú gbogbo ìpara tí mo fi pa á lálẹ́ àná, tí mo sì fi ọ̀já dì í dan-in dan-in, ó ṣì wú. Ìyẹn ni kó o fi mọ̀ pé eré tí ẹ ń sá kiri yẹn ló fà á. Mo sọ ọ́. Òkèèrè la ti ń wo igi tí yóò gún ni lójú, mo sọ ọ́ títí ẹnu mi bó." Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Àbúrò mi, máa bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníjó."

Oníjó ni Àǹtí ń pe àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá.

Aránbàtà wọlé. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní ìṣó tí òun máa ń há sẹ́nu nídìí iṣẹ́ ló kọ́ òun. Ó wo ọwọ́ náà pẹ́. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù sì máa ń yí padà di ìbínú lójú ọkùnrin.

"Ó tó," ni ó wí. "A ò lọ mọ́."

"Ta ni kò lọ mọ́?" Ìyá Búrẹ́dì bi í.

"Ìwọ. Ó ti tó. Wọ́n gé ọ, wọ́n fa oògùn sí ọ lára, wọ́n fi iná ìtànṣán jó ọ, o kò kú. Ṣé ibi tí wọ́n ti ń fò sókè fò sódò lo fẹ́ lọ kú sí?"

"Bàbá ọmọ mi, ta ló ń fi ìdí gun àtẹ̀gùn nínú ilé yìí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn?"

Àtẹ̀gùn ilé wọn jẹ́ méjìlélógún. Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ń jókòó sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dókè, tí atẹ́gùn á máa há lọ́fun rẹ̀.

"Oògùn yẹn pa àtẹ́lẹsẹ̀ mi," ni ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "N kì í mọ ìgbà tí mo bá tẹ ilẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rán bàtà onísàlẹ̀ rírọ̀ fún mi nítorí ẹ̀. Lónìí, bí òkúta kékeré bá wọnú bàtà yẹn, mo mọ̀. N kò rí oorun sùn tẹ́lẹ̀, mo ti ń sùn. Wọ́n máa ń ní ọwọ́ ọmọdé ni kò tó pẹpẹ. Tèmi àgbà ò tó irun orí mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fi ọwọ́ yìí ya irun mi. Ẹ rí i."

"Mo rí i," ni aránbàtà wí. "Ohun tí mo sì rí lónìí nìyí." Ó tún nawọ́ sí ọwọ́ tó wú.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Àǹtí ní bí wọ́n bá fẹ̀sọ̀ mú nǹkan kì í bàjẹ́. Ìyá Búrẹ́dì ní nǹkan tí wọ́n fẹ̀sọ̀ mú náà ni òun, òun sì ti ń bàjẹ́ lọ lójú ẹni tó mú un. Aránbàtà ní ta ló ń bá ẹ̀gbọ́n òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíì tó wà lórí tábìlì tutù, búrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rí ẹni gé e.

Nígbà tó yá ni Ìyá Búrẹ́dì dìde, ó fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀ ibùsùn.

"Èmi yóò tẹ̀ lé e," ni Àǹtí wí fún àbúrò rẹ̀. "Ọmọ tó ń darí àwọn oníjó yẹn, ó yẹ kó rí i pé ìyàwó wa ní ẹbí. Mo fẹ́ fojú kojú pẹ̀lú ọmọ náà, kí n sì gba ìyàwó wa lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ó tó," ni aránbàtà wí.

Nísàlẹ̀, nídìí ẹ̀rọ omi, Ọlọ́ṣẹ ń fọ ike. Ọṣẹ ló ń tà, ọ̀rọ̀ ló sì fi ń ṣe èènì. Ó kí wọn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ náà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Búrẹ́dì. Àbí ó ti padà dé ni? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kì í lọ. Wọ́n ní ṣe ló máa ń sùn, pé ẹni tó bá ń fo gìrìgìrì ló máa ń jí i."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́ṣẹ," ni Ìyá Búrẹ́dì dá a lóhùn, ó sì ń lọ. Ó ti kọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fèsì gbogbo ọ̀rọ̀ ìdí ẹ̀rọ kò ní rí omi pọn délé.

Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni ilé ìwòsàn sí wọn. Yàrá ìdárayá wà nípẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gùn, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ibùsùn tó ti kán sí. Kò sí ohun ńlá kan níbẹ̀: àga onígi mẹ́wàá, okùn rọ́bà tí wọ́n so mọ́ irin fèrèsé, bọ́ọ̀lù kéékèèké, àti ìgò ike tí wọ́n rọ yanrìn sí. Ènìyàn mẹ́jọ ti wà níbẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó dé. Gbogbo wọn ni àrùn náà ti bá jà lọ́nà kan tàbí òmíràn. Ọ̀kan lára wọn, àgbà awakọ̀ tí wọ́n gé lára ìfun rẹ̀, ń dìde lórí àga, ó ń jókòó, ó ń dìde.

"Ìyá Búrẹ́dì," ni ó wí, "ojoojúmọ́ lẹ ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì dà?"

"Ẹ kọ́kọ́ parí iye tí wọ́n ní kí ẹ ṣe, Bàbá Awakọ̀, kí ebi tó pa yín."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Àǹtí wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ó ti rò pé àwọn tó ń kú lọ lòun yóò bá níbẹ̀. Ẹ̀rín yìí da ìmúra rẹ̀ rú díẹ̀, àmọ́ ó múra gírí.

Ẹni tó ń darí wọn jáde láti inú yàrá kékeré kan. Ọ̀dọ́bìnrin tín-ínrín ni, òun ni ilé ìwòsàn gbà láti máa tọ́ iṣan àti oríkèé ara sọ́nà. Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-I ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí bó bá ti ní "èyí ló kẹ́yìn" tán, yóò tún ní "ẹ̀ẹ̀kan sí i."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ pa ìyàwó wa?" ni Àǹtí fi kí i.

Ọ̀dọ́bìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ó wá sún mọ́ Ìyá Búrẹ́dì, ó gba ọwọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gba ìkókó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án wò bóyá ó gbóná. Ó bi í bóyá ibà ṣe é, bóyá ó ń ta á, bóyá nǹkan gún un. Ó fa téèpù yọ, ó wọn ọwọ́ náà níbi márùn-ún, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ilà kan yí apá náà po lókè, nítòsí abíyá, ó jinlẹ̀ bí ojú okùn lára ẹrù tó wúwo.

"Kí ni wọ́n so mọ́ ibí?" ni ó bèèrè. "Ta ló so ó?"

Àgbà awakọ̀ dúró láàárín ìdìde àti ìjókòó. Ìyá Búrẹ́dì wo Àǹtí. Àǹtí ń wo fèrèsé. Ìyá Búrẹ́dì rántí bí Àǹtí ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lálẹ́ àná, tó ń fa ọ̀já náà pẹ̀lú eyín kó lè le dáadáa, tó ń ní kí ìwú náà má baà rí ọ̀nà dé àyà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti rọra wá tú u, kó má baà jí òun.

"Èmi ni," ni Ìyá Búrẹ́dì wí. "Mo rò pé yóò dá ìwú náà dúró."

Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-I wo ojú ilà náà. Ojú kókó ọ̀já wà lẹ́yìn apá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ọwọ́ kan so nǹkan sí. Ó wo ìyàwó, ó wo ẹ̀gbọ́n ọkọ, kò sọ ohun tó rí.

"Ó dáa," ni ó wí. Ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ìyá Búrẹ́dì ló ń bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ohùn òun dé ọ̀dọ̀ Àǹtí. "Omi kan wà nínú ara gbogbo wa tó ń rìn. Ti ọwọ́ yìí, abẹ́ abíyá ló máa ń gbà lọ. Nígbà tí wọ́n ń yọ jẹjẹrẹ, wọ́n yọ àwọn kókó abẹ́ abíyá pẹ̀lú, ọ̀nà sì dín. Omi náà kò ní ohun tó ń tì í ju iṣan lọ. Bí iṣan bá ń lọ tó ń bọ̀, yóò máa fún omi náà jáde bí ẹni ń fún aṣọ tó tutù. Bí ọwọ́ bá dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, omi náà yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Bí a bá sì wá fi ọ̀já dì í, ìlẹ̀kùn la tì mọ́ ọn yẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Àìmọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é."

Àǹtí jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga onígi. Ọ̀rọ̀ tó dì wá látilé ti tú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n gbé ọwọ́ Ìyá Búrẹ́dì lé orí ìrọ̀rí méjì, kó ga ju àyà rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́bìnrin náà ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lọ sókè, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń nu eruku lára ẹyin. Ó ní kó máa mí kanlẹ̀, kó máa ṣí ọwọ́, kó máa pa á dé. Ṣí i, pa á dé. Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Nígbà tí ìdajì wákàtí fi máa kọjá, ọwọ́ náà ò tíì padà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n orí ìka rẹ̀ ti kan àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Búrẹ́dì rí i, ó rọra mí jáde.

"A ò ní wọn agbára ọwọ́ lónìí," ni Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-I wí. "Ẹsẹ̀ àti èémí nìkan ni a ó wọ̀n."

Wọ́n lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n fi ń rìn ín, láti àmì kan dé èkejì, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Búrẹ́dì fara ti ògiri, igba mítà ló sì rìn kí àkókò tó tán. Àgbà awakọ̀ ló gba aago lọ́wọ́, ó ní ẹni tó wakọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ló mọ bí wọ́n ti ń ka ọ̀nà.

Ìyá Búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí àyà, èyí òsì ń jù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní àlọ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀. Ní àlọ kẹta, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju ìró bàtà òun lọ. Ooru dìde láti inú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, òógùn yọ níwájú orí rẹ̀ níbi tí irun tuntun ti ń hù, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, àmọ́ ó ń lù déédéé, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọjá níwájú Àǹtí, ó padà, ó tún kọjá. Kò fara ti ògiri.

"Àkókò ti tó," ni àgbà awakọ̀ wí.

Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-I wọ̀n ọ́n. Irínwó mítà ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àga, ìdìde àti ìjókòó tó jẹ́ mẹ́fà péré nínú ìdajì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti di mẹ́tàlá.

"Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ mà?" ọ̀dọ́bìnrin náà bi Àǹtí.

Àǹtí ní kí ló le níbẹ̀, òun tí kò ṣàìsàn rí. Ó dìde, ó jókòó, ó dìde. Ní ìkẹfà, ó di àga mú. Ní ìkeje, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Àgbà awakọ̀ ní àga kan wà tí kò lẹ́ni lórí bó bá fẹ́ máa bọ̀. Àǹtí fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà á lẹ́nu.

Ìwé tí Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-I kọ kò gùn. Ó ní Ìyá Búrẹ́dì lè padà síbi iṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kó má po ìyẹ̀fun, kó má gbé àwo wúwo, kó má súnmọ́ ẹnu ààrò, nítorí pé iná kò gbọdọ̀ jó ọwọ́ náà. Ó lè máa gé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, ó lè máa wọ̀n ọ́n, kó sì máa bọ̀ síbi ìdárayá ní ọjọ́ tó kù. Lẹ́yìn oṣù kan, wọn yóò tún ọwọ́ wò.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n gba ilé búrẹ́dì lọ. Àǹtí kò sọ̀rọ̀ lọ́nà. Ìyá Búrẹ́dì ni kò jẹ́ kí ìrìn yá jù, kí Àǹtí lè bá òun dọ́gba.

Ọ̀gá ilé búrẹ́dì jẹ́ ọkùnrin gbàgàdà kan tí ìyẹ̀fun kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ènìyàn rere ni. Bẹ́ẹ̀, irú ènìyàn rere báyìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dunni jù. Ó ka ìwé náà, ó wo ọwọ́ tó wú, ó ká a, ó sì dá a padà fún un.

"Ìyá," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ara yín ò gbà á mọ́. Ẹ jókòó sílé kí wọ́n máa tọ́jú yín. Èmi fúnra mi yóò máa fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Àǹtí gbójú sókè. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí sọ, kò sí èyí tí òun kò sọ rí láàárín oṣù méje yìí. Lẹ́nu òun, ìfẹ́ ni. Ṣé bó ṣe ń dún létí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún nìyí? Ó wo ojú ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó rí i bó ṣe tẹ orí ba, tó ń fi ìka òsì ṣẹ́ etí ìwé náà po.

"Àti pé," ni ọ̀gá tún wí, "àwọn tó ń ra búrẹ́dì, ẹ mọ̀ pé..."

"Kí ló ṣe wọ́n?" Àǹtí bi í.

Ọ̀gá fi apá nu ìpéǹpéjú, ìyẹ̀fun tún pọ̀ sí i níbẹ̀.

"Jẹjẹrẹ kì í ràn," ni Àǹtí wí. "Bó bá ń ràn ni, èmi tí mò ń wẹ̀ fún un, tí mò ń bá a jẹun, ibo ni ǹ bá wà? Ẹ gbọ́, Ọ̀gá, oṣù méje ni mo fi dá a dùbúlẹ̀. Mo rí ohun tí ìdùbúlẹ̀ ń ṣe. Ẹ má bá mi fi kún un."

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì ti dáwọ́ dúró. Ìyá Búrẹ́dì lọ síbi omi, ó fọ ọwọ́ òsì rẹ̀, ó nù ún gbẹ. Ó wá dúró níwájú ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò tó ti wú, ó mú irin tí wọ́n fi ń gé e, ó gé ẹyọ kan, ó jù ú sórí òṣùwọ̀n. Ọwọ́ òṣùwọ̀n mì, ó dúró sójú àmì gan-an. Ó gé èkejì. Ojú àmì. Ó gé ẹ̀kẹta. Ọwọ́ òsì ni o, ọwọ́ tí kò kọ́ iṣẹ́ náà rí. Ojú ló kọ́ ọ.

Ọkùnrin kan nídìí tábìlì ní, "Láti àárọ̀ ni àwa ti ń gé e, tó ń já sí yíyọ àti fífi kún un."

Ọ̀gá wo òṣùwọ̀n náà fún ìgbà díẹ̀. "Ọjọ́ Ajé," ni ó wí. "Aago méje. Ìdí òṣùwọ̀n nìkan o."

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá," ni Ìyá Búrẹ́dì wí, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé èyí àkọ́kọ́ kò jáde dáadáa.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Ọlọ́ṣẹ ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, bí ẹni pé ike kan náà ló ń fọ̀ láti àárọ̀.

"Wọ́n ní kó lọ jókòó, àbí?" ni ó bi Àǹtí.

"Wọ́n ní ká wá pe ìwọ náà," ni Àǹtí dáhùn.

Lórí àtẹ̀gùn méjìlélógún náà, Àǹtí ló dúró ní ìdajì. Ìyá Búrẹ́dì dúró dè é, ó na ọwọ́ òsì sí i. Wọ́n jọ gùn ún dókè.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí aránbàtà ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó wọlé wá jẹun. Ìrẹsì àti ẹja ni. Ó fọwọ́, ó jókòó, ó bèèrè láìgbójú sókè pé, "Ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀? Ẹ ní ó tó?"

Ìyá Búrẹ́dì ń wo àwo rẹ̀. Ó ti pinnu lọ́nà pé ọ̀rọ̀ ọ̀já náà kò ní ti ẹnu òun jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò máa dá òun lẹ́bi títí ayé. Ohun tí ènìyàn bá fi ìfẹ́ ṣe, bó bá tilẹ̀ dun ni, ó ní bí wọ́n ṣe ń gbé e.

Àǹtí gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Èmi ni mo so ọwọ́ náà," ni ó wí. "Ọ̀já tí mo so lálẹ́ àná ló jẹ́ kó wú. Eré yẹn kọ́. Wọ́n bèèrè ẹni tó so ó, ìyàwó rẹ ní òun ni. Níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní òun ni."

Aránbàtà dáwọ́ oúnjẹ dúró. Kò sí ìṣó lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ìwọ náà mọ bí ìyá wa ṣe dùbúlẹ̀," ni Àǹtí tún wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo máa ń yí i síbìí, mo máa ń yí i sọ́hùn-ún. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ènìyàn nìyẹn. N kò mọ ọ̀nà mìíràn."

Ẹnìkan ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lójú pópó, wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi jìnnà.

"Àǹtí," ni Ìyá Búrẹ́dì wí, "nígbà tí n kò lè gbé ife dé ẹnu, ta ló gbé e? Nígbà tí mò ń bì lórí ibùsùn, ta ló ń fọ aṣọ ọ̀hún? Bí ẹ ò bá gbé mi nígbà náà, kò sí ẹni tí ọmọ yẹn ì bá máa kọ́ ní ìrìn lónìí. N kò ní gbàgbé rẹ̀. Ohun tí mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ rọra máa sọ̀ mí kalẹ̀."

Àǹtí fi etí aṣọ nu ojú. Aránbàtà mú ẹja tó tóbi nínú àwo rẹ̀, ó gbé e sínú àwo ìyàwó rẹ̀, odindi, kò gé e.

"Má bínú," ni ó wí. "Láàárọ̀, ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀."

"Ó yẹ kí n gbé bàtà yẹn wò. Ìrìn tó o ń rìn yìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti máa jẹ."

Ó sì gbé e lọ sójú ìmọ́lẹ̀ lóòótọ́, ó yí i, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ní gìgísẹ̀ méjèèjì, rọ́bà náà ti jẹ dọ́gbadọ́gba, kò sí èyí tó jẹ ju èkejì lọ. Ó fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní nínú iṣẹ́ tòun, bí òun bá rí bàtà báyìí, òun mọ̀ pé ẹni tó ni ín ti ń tẹ ilẹ̀ dáadáa.

Ìyá Búrẹ́dì ti wọ yàrá. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí ìrọ̀rí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Ó rẹ̀ ẹ́. Itan rẹ̀ ń ro ó, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó o wìnnìwìnnì. Ó dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́ ọ lára, ó ń gbìyànjú láti mọ ohun tó jọ. Kò jọ rírẹ̀ tí oògùn máa ń mú wá, èyí tó máa ń dà bí ẹni tí wọ́n tú omi inú rẹ̀ dànù. Irú èyí, ó ti pẹ́ tó ti rí i kẹ́yìn: rírẹ̀ ẹni tó dúró nídìí iṣẹ́ láti àárọ̀, tó lọ tó bọ̀, tí oúnjẹ sì wà níkùn rẹ̀. Ó kí i nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹ kú àtijọ́.

Ó gbọ́ ohùn Àǹtí láti yàrá kejì.

"Ìyàwó, ṣé o ti sùn? Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀?"

"Aago mẹ́sàn-án, Àǹtí."

"Kí o jí mi."